Mopèkòjẹ́ Kì Í Ṣe Orúkọ Ọmọ

Ó ń sùn? Ọ̀gá Arnaud, ẹ ní ó ń sùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí, torí etí mi gbọ́ ọ ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á. Pílónù yìí, irin fóònù gàgàrà tí ẹ rì mọ́ ilẹ̀ Igana, tí a fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò, òun ló ń sùn lọ́sàn-án gangan? Tí oòrùn wà lókè? Ẹ sì jókòó sábẹ́ ẹ̀, ẹ ń jẹ ẹ̀pà, ẹ ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń sọ pé ewúrẹ́ ń jẹ koríko!

Ẹ má bínú. N kì í pariwo. Ẹ bi ẹnikẹ́ni níbí, wọ́n á sọ fún yín pé Uriel ọmọ Fálúyì kì í sọ̀rọ̀, pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun náà ni yóò tọrọ àforíjì. Láti òwúrọ̀ tí ẹ ti Sakété dé ni mo ti ń yí ọkọ̀ yín po, tí mo ń wá ẹnu tí màá fi bẹ̀rẹ̀, ẹ sì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ tú táyà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Mo ní, ṣé fóònù lè wà lọ́wọ́ èèyàn, kí rẹ́sò tó ń ti orí irin yìí wá kún inú ẹ̀, kí ẹlòmíì pè é, kó má dún? Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣẹlẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀! Ẹ kò tilẹ̀ gbé ẹ̀pà mì kí ẹ tó sọ ọ́.

Yéè, Ọlọ́run mi! Gbogbo ilé wa ti dá mi lẹ́bi lórí pé kò lè ṣẹlẹ̀.

Rárá, ẹ má tíì dìde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Yolande, lóyún. Pacôme ọkọ ẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí apá Nàìjíríà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan la ń rí i. Oyún náà ti wọ oṣù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò ní jókòó sílé kí ẹyìn jẹrà mọ́lẹ̀, ó bá ìyá ọkọ ẹ̀ lọ sí abà láti lọ se epo. Abà wọn wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi ilẹ̀ dúdú. Ṣé ẹ mọ ilẹ̀ dúdú wa? Ẹ̀yin ará Sakété, ilẹ̀ pupa lẹ ní, òjò rọ̀, oòrùn là, ẹ ti ń gbá a. Tiwa, bí omi bá ti kàn án báyìí, ó di àtè. Ó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Alùpùpù tó bá wọ inú ẹ̀ lẹ́yìn òjò, ibẹ̀ ni yóò sùn.

Ìdí nìyẹn tó fi pè mí sẹ́yìn ilé kó tó lọ. Ó fi ọwọ́ kan di ikùn mú, ó ní, "Uriel, ìwọ ni mo fọkàn tẹ̀ o, kì í ṣe àwọn alásọjù yòókù. Bí mo bá bípù ẹ lẹ́ẹ̀kan, mo kàn ń kí ẹ ni, má wá. Bí mo bá bípù ẹ lẹ́ẹ̀mejì léra, ó ti dé nìyẹn. Gbé alùpùpù bàbá, kó o máa bọ̀ kí òjò tó dí wa mọ́." Mo mi orí. N ò tilẹ̀ lè sọ pé mo gbọ́, mo kàn mi orí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọkùnrin mi tí kì í ná ọ̀rọ̀."

Kí lẹ wí? Kí ló dé tí kò pè mí gidi?

Ọ̀gá Arnaud, ta ló ń pè gidi ní Igana? A ń bípù ni, a ń pè, a ń pa á kí wọ́n tó gbé e. Ẹ dákun, ẹ má bí mi nínú. Ìyàwó ń bípù ọkọ ẹ̀ lóko pé ọbẹ̀ ti jinná. Ẹlẹ́rù ń bípù zẹ́mìjàn alálùpùpù kó wá gbé òun lọ sí ọjà Pobè. Ẹni tó ń lu agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bípù àwọn akọrin pé ẹ jáde nínú ilé. Ìyá mi àgbà kò mọ ìwé, kò lè ka nọ́ńbà kankan, ṣùgbọ́n ó mọ bípù ọmọ ẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí adìẹ ṣe mọ ohùn ọmọ tirẹ̀. Èdè wa ni! Ó sì ní ìlànà tirẹ̀, tí a mu mọ́ ọmú. A kì í gbé bípù. Ẹni tó bá gbé bípù, olè ni, ó jẹ kirẹ́dì ẹni ẹlẹ́ni. Nítorí náà, ẹni tó ń bípù kì í jẹ́ kó pẹ́. Ohùn àkọ́kọ́ tó bá ti kan etí ẹ̀, ó ti pa á. Ọmọdé tó ń já oúnjẹ lẹ́nu ewúrẹ́ kò yára tó obìnrin Igana tó ń pa bípù.

Ẹ̀yin wá dé.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ dé? Bóyá ẹ̀yin kọ́, àwọn ẹgbẹ́ yín ni. Ọkọ̀ ńlá kan ń kọrin láti Pobè wá, àwọn ọ̀dọ́bìnrin nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ọ̀sàn ń pín fìlà. Wọ́n ní rẹ́sò tuntun dé, pé ó bá ìlànà ayé òde òní mu, pé fọ́tò yóò máa fò bí ẹyẹ, pé irin náà kò ní máa jẹ iná bíi tàtijọ́ mọ́. Wọ́n wá ẹni tí yóò túmọ̀ Faransé wọn. Ìyá Prudence, aládùúgbò wa, fi ìgúnpá tì mí síwájú, ó ní ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyí. Bí mo ṣe ń túmọ̀ ni ohùn mi ń wọlẹ̀, tí Ìyá Prudence ń pariwo ohun tí mo sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín pé ìtúmọ̀ náà ń fẹ́ ìtúmọ̀. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ fọ́tò. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ iná. Kò sí ẹnì kankan nínú yín tó fún mi ní ọ̀rọ̀ oorun kí n túmọ̀ ẹ̀.

Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ tó ń hó níbí lọ, wọ́n to àwọn páànù dúdú tó ń mu oòrùn sípò ẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn ewúrẹ́ máa ń sùn ti ọgbà yìí lálaalẹ́, nítorí ooru jẹnẹrétọ̀ yẹn? Wọ́n fi ẹ̀yìn ti wáyà títí ó fi tẹ̀ wọnú. Ẹ wò ó, ó ṣì tẹ̀. Wọ́n ti lọ wá ibòmíì. Èmi nìkan ni mo rí i. Mo rò pé bó ti dákẹ́ yẹn, ó dára ni.

Ó dára, kí n kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ ọjà tó kọjá, ojú ọ̀run ṣú láti apá Ohori. N ò lọ sóko, n ò lọ bá ẹnikẹ́ni. Mo gbé alùpùpù bàbá sábẹ́ ìbòrí níwájú ilé, ẹ́sáǹsì kún inú ẹ̀, mo nu ìjókòó ẹ̀ gbẹ, mo sì gbé aṣọ méjì sórí ẹ̀ tí wọn yóò fi wé ọmọ. Mo jókòó tì í. Fóònù wà lórí itan mi, kì í ṣe nínú àpò. Okùn fóònù tí mo máa ń kì bọ etí, tí wọ́n ń sọ pé ó ń dí mi létí, inú ilé ló wà, lórí ìṣó. Mo ń wo ojú fóònù náà bí ẹni ń wo omi tó fẹ́ hó. Àmì rẹ́sò dúró gbọn-in lókè, gbogbo ẹ̀ pé, bí eyín ọ̀dọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ọmọ adìẹ kan sá wọ abẹ́ alùpùpù, ó ń gbọn. Mo ní nínú ara mi, bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń rọbí, yóò bípù. Bí kò bá bípù, kò tíì tó àkókò. Ṣé ẹ rí i? Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu! Ó ní kí n má wá láìjẹ́ pé ó bípù. Mo fọkàn tán irin yín ju ojú ọ̀run lọ.

Kò dún.

Mo búra fún yín, Ọ̀gá Arnaud, bí ó bá dún tí n ò gbọ́, kí n má gbọ́ ohùn ọmọ tèmi láyé. Kò dún. Kò gbọ̀n. Kò tan iná. Kò fi orúkọ kankan sílẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, ọkùnrin kan tó ń ti oko bọ̀ ló ké wọ ìgboro, ẹrẹ̀ dé orúnkún ẹ̀, ó ní ọmọ Fálúyì ti bí sẹ́bàá ọ̀nà, lábẹ́ àwọn igi tíìkì. Sẹ́bàá ọ̀nà! Òun àti ìyá ọkọ ẹ̀ ti ń dúró dè mí títí, wọ́n rí i pé n ò bọ̀, wọ́n ní kí àwọn fẹsẹ̀ rìn ín, ilẹ̀ dúdú sì mú wọn. Aṣọ orí ìyá àgbàlagbà yẹn ni wọ́n tẹ́ sórí ẹrẹ̀. Òun náà ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ̀bí. Àwọn géńdé ló fi pátákó gbé ẹ̀gbọ́n mi jáde, kí ọkọ̀ tó gbé e dé matẹ́nítè, ilé ìgbẹ̀bí Pobè. Ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára ẹ̀. Ó yè. Ọmọ náà yè, obìnrin ni, ṣùgbọ́n bó bá ń sunkún, ó ń ṣe bí ẹni tí òtútù ṣì wà láyà ẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ń sunkún ni wọ́n ń wo èmi.

Wọ́n pe ẹbí jọ. Ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù rẹ̀ ránṣẹ́, fóònù kékeré tó ní bọ́tìnnì, nọ́ńbà ojú àwọn bọ́tìnnì ẹ̀ ti pa rẹ́. Wọ́n gbé e yí ilé ká, ọwọ́ dé ọwọ́. Orúkọ ẹni tó pè wà níbẹ̀: Uriel, Uriel, Uriel, títí dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé tèmi wá. Òfìfo. Bàbá kékeré Ògúnṣínà wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ó ti pa á rẹ́. Ọmọ tó kàwé ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́. Èmi ni n ò mọ̀ ọ́n." Ẹnì kan ní bóyá mo ń bá ọmọbìnrin sọ̀rọ̀ ni. Ẹlòmíì ní, Uriel ọ̀hún? Kó bá ọmọbìnrin sọ̀rọ̀? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nínú irú ìjókòó yẹn, wọ́n ráyè rẹ́rìn-ín! Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Uriel, sọ̀rọ̀." Ó fún mi láyè. Ó ń dúró. Èmi ń wo èèrà kan tó ń gbé ẹyọ gààrí kọjá lójú ilẹ̀kùn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé kò dún? Ojú gbogbo wọn ti sọ pé, bí mo bá wí bẹ́ẹ̀, ẹni tó fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tún ń purọ́ ni. Mo tẹjú mọ́ èèrà náà. Bàbá mi na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ alùpùpù. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ omi mu, ó ń rán ọmọ ọlọ́mọ.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní matẹ́nítè. Ó kọ ojú sí ògiri. Ó ní, "Mo ń bípù ẹ láìmọye ìgbà. Mo ń gbọ́ orin létí mi, mo mọ̀ pé ó ń dún lọ́dọ̀ ẹ." Orin! Ó ń gbọ́ orin! Ọ̀rọ̀ orin yìí ni kò jẹ́ kí n sùn, òun ló gbé mi wá síbí. Ẹ wá là á yé mi báyìí, pé fóònù mi ń gbé lórí rẹ́sò tuntun ṣùgbọ́n ìpè ohùn ṣì ń gba orí ti àtijọ́, pé ti àtijọ́ yẹn lẹ ń mú sùn nígbà tí èrò bá dín, kí iná má bàa ṣòfò, pé ìpè tó bá wọlé ló ń jí i, pé kó tó jí, kó tó wá mi rí, ẹ ti ń kọrin fún ẹni tó ń pè kó má bàa sú u. Kó má bàa sú u! Ẹ ń kọrin fún obìnrin tó ń rọbí nínú òjò! Òun sì gbọ́ orin, ó pa á, bí ìyá wa ṣe kọ́ gbogbo wa. Ó pa á kí irin yín tó la ojú.

Ẹ ní ká ní ó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ ni. Mo mọ̀. Mo mọ̀, ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù nínú ohun tí ẹ sọ ni pé irin yìí fúnra ẹ̀ ló ń kà á. Pé ó ń wò ó bóyá àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀, ó sì rí i pé lọ́sàn-án, ní Igana, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. A ń sọ̀rọ̀! Láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ la ń sọ̀rọ̀! Oúnjẹ jinná, òjò ń bọ̀, màmá ti dé, wá gbé mi. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kò gbé e, pé ẹ kò rí èrè kankan nínú ẹ̀, ó di ìdákẹ́jẹ́ lójú yín. Gbogbo abúlé ń pariwo, irin yín ní ibí pa rọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí n rẹjú. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀, èmi mọ bó ṣe rí kí wọ́n wo èèyàn kí wọ́n ní kò ní nǹkan í sọ.

N ò ní kí ẹ máa sun iná lásán o. Ta ló fẹ́ kí iná máa jó nínú ilé tí kò séèyàn? Ìyá mi ń pa fìtílà kó tó ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ó ń pè ká kó tó pa á! Ó ń béèrè pé, ta ló ṣì wà nínú yàrá? Ẹ̀yin, ta lẹ bi? Ẹ dé pẹ̀lú fìlà, ẹ dé pẹ̀lú orin, kò sí ẹnì kan nínú yín tó jókòó ti ìyá mi àgbà kó ní, ìyá, báwo lẹ ṣe ń pe ara yín níbí? Ìbéèrè yẹn kò le. Ọmọdé lè bi í.

Ẹ ní kí n lọ fi ẹ̀sùn sílẹ̀ ní ọ́fíìsì yín ní Pobè. Bó bá yá, n ó lọ. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kò lè ṣe é kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Torí lọ́la ni ìsọmọlórúkọ. Àbí n ò tíì sọ fún yín? Lọ́la, ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti yan orúkọ tí ìyá ń fún ọmọ. Mopèkòjẹ́.

Ẹ gbọ́ Nàgó, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹ rántí bí àwọn èèyàn wa ṣe ń ṣe. Ohun tí èèyàn kò bá lè sọ lójú ẹni, ó ń fi sọ ohun ọ̀sìn tàbí ọmọ lórúkọ, kó lè máa pè é ní gbangba. Ìyá Sabine tó wà lódìkejì ọ̀nà wa ń bá àwọn àna ẹ̀ jà, ó pe ajá ẹ̀ ní Ẹfìmísílẹ̀. Ní àràárọ̀ ló ń dúró lójúde tó ń pariwo, "Ẹfìmísílẹ̀! Wá jẹun!" tí àwọn àna ẹ̀ ń wo ilẹ̀. A ń rẹ́rìn-ín. Ajá ni, ajá yóò kú lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ yóò tán. Ṣùgbọ́n ọmọ èèyàn! Wọn yóò pè é wá jẹun, èmi ni wọ́n ń bú. Wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìbí ní mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba. Olùkọ́ yóò pè é ní kíláàsì, àwọn ọmọ yóò béèrè pé ta lo pè tí kò jẹ́, òun náà yóò ní, àbúrò ìyá mi. Lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé ọkọ, wọn yóò tún bi í. N ó ti darúgbó, n ó jókòó níbìkan, ẹnì kan yóò pe orúkọ yẹn láti ọ̀ọ́kán, n ó sì tẹ orí ba.

Ọmọ náà ńkọ́? Kí ló ṣe? Inú ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ fara kan ayé, ẹ tún fẹ́ kó máa ru ẹ̀sùn kiri? Ẹ ò tíì rí i. Ó ní àmì dúdú kékeré kan lẹ́yìn etí. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà, torí wọn kò gbé e fún mi.

Ẹ bá mi lọ sílé. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyẹn. Kò jìnnà, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹsẹ̀ la ó fi rìn ín. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbàgbọ́, ẹ̀yin tí ẹ wọ ẹ̀wù iléeṣẹ́, tí ẹ ń gun irin yìí. Ẹ jókòó níwájú bàbá mi, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi. Pé obìnrin náà pè, òótọ́ ni. Pé kò dún lọ́dọ̀ ọmọkùnrin náà, òótọ́ ni. Pé òótọ́ méjèèjì lè jókòó sórí ẹní kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ènìyàn búburú, bó bá gbọ́ ọ, yóò wá orúkọ mìíràn.

Ẹ kò lè wá? Iléeṣẹ́ kò fún yín láyè láti sọ ọ́ síta? Èmi ńkọ́, ta ni mí, igi? Ẹ ní ìlú Yoko ń dúró dè yín, irin mìíràn wà níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ kọ́ ní oorun kí ilẹ̀ tó ṣú. Yoko yóò dúró! Àwọn obìnrin mélòó ló lóyún ní Yoko, ẹ mọ̀ ọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó irinṣẹ́ yín. Mo ní ẹ má kó o. N ò fi ọwọ́ kan èèyàn rí láyé mi, n ò ní fi kàn yín, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ọgbà yìí ni n ó jókòó sí, ẹ ó gba orí mi kọjá.

Kí ló ń dún yẹn?

Ha! Ha-ha-ha! Fóònù yín ni! Ó ń dún! Ẹ gbọ́ ọ, Ọ̀gá Arnaud, ó ń dún ketekete. Rárá, rárá, ẹ má gbé e. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni, ìyàwó yín? Edwige ló kọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dún. Ẹ jẹ́ kó máa dún.

Ó ti dákẹ́.

Ẹ wo bí ojú yín ṣe rí. Ẹ fẹ́ pè é padà, àbí? Ẹ fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe pé ẹ kò kà á sí, pé nǹkan ló dí yín lọ́wọ́, kó má fi ohun mìíràn sọ́kàn. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan, ara yín ò sì gbà á mọ́. Ẹ dìde, ká lọ bá bàbá mi. Ẹ ó pè é lójú ọ̀nà.